Sí àbúrò tó ń béèrè ìgbà tí ìpè tirẹ̀ máa dé

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ọdún kẹta rèé tí o ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí o sì ń to àga, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ lọ́kàn rẹ pé iṣẹ́ ńlá ni Ọlọ́run ní fún ọ. O ní ẹnu iṣẹ́ ni Ọlọ́run ti pe Bàbá Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, ìgbà wo ni yóò wá pe ìwọ náà?

Ọmọ Iléṣà ni mí, ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa. Lóòótọ́, lọ́dún 1928, Babalọlá ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó gbọ́ ìpè. Ìsọjí ńlá Òkè-Oòyè la sì fẹ́ràn láti máa sọ, bí èrò ṣe ya wọ ìlú wa ní 1930. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó sọ ìtàn náà fún wa kì í fo ohun tó wà láàárín. Ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, ó fi eérú para, ó so màrìwò mọ́ra, ó ń lu agogo wọ ìlú rẹ̀, wọ́n sì ní orí rẹ̀ ti dàrú. Eérú yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí Òkè-Oòyè lèmi náà fẹ́ nígbà kan, mi ò fẹ́ eérú.

Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà Atákúmọ́sà. Òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, ni bàbá ìyá mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè. Èmi ni ìyá ẹgbẹ́ nígbà náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́, tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù, gba aṣọ àwìn 18,000 náírà lọ́wọ́ mi fún ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀. Oṣù márùn-ún kọjá, kò san. Lọ́jọ́rú kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo dìde bí ẹni fẹ́ ṣe ìkéde, mo ní àwọn kan ń wọ ìró tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀ wá jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìró náà ló ró lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i tó rọra tú ìborùn rẹ̀, tó fi bo orúnkún. Ó jókòó títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò wá mọ́.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbààwẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mò ń gun òkè àdúrà, mò ń bẹ Ọlọ́run kó fi iṣẹ́ tó torí rẹ̀ dá mi hàn mí. Mátíù orí karùn-ún nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn, níbi tí Jésù ti ní kí ẹni tó bá rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun fi ẹ̀bùn sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ bá a làjà ná. Èsì mi kò yí padà: èmi ni wọ́n jẹ lówó! Mo sì jàre. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ lára mi nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ sílé obìnrin náà ní Òkèṣà. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń bẹ iṣu. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ iṣu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gé e sínú omi, ó wá ti àpótí kan sí mi pẹ̀lú ọ̀bẹ kejì. A bẹ iṣu mẹ́ta láìsọ̀rọ̀. Ni mo bá ní, "Mo ti fi owó yẹn jì ọ́." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Rárá o, mà. Ẹ bẹ̀ mí, mo ti gbà. Owó yín, màá san án."

Àbúrò, ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Iyanrìn ò tíì gbọn kúrò lórúnkún mi tí mo tún fẹ́ di olóore lé e lórí. 500 náírà, 500 náírà ló fi san án. Ìgbà mẹ́rìndínlógójì ló wá sí ìsọ̀ mi, ìgbà mẹ́rìndínlógójì ni mo na ọwọ́ gbà á, tí mo sì sọ pé o ṣeun.

Nígbà tí iṣu náà jinná lọ́jọ́ yẹn, ó bu abọ́ kan, ó ní kí n bá òun gbé e fún Ìyá. Ìyá arúgbó kan ni, ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń bọ́ wọn. Èmi ìyá ẹgbẹ́ ò mọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ ní Sátidé, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń gé èékánná wọn títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa. Ìdí ẹsẹ̀ Ìyá ni mo wà tí Jòhánù orí kẹtàlá fi yé mi: Jésù bọ́ agbádá sílẹ̀, ó fi aṣọ ìnura di àmùrè, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, Júdásì sì wà láàárín wọn.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìrẹ̀lẹ̀ pa ọ́ lẹ́nu mọ́ o. Bí wọ́n bá ń rẹ́ ọ jẹ, sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àga tí ò ń tò yẹn, ǹjẹ́ ọ̀kan wà tí ẹni tó ń jókòó lé e ti dẹ́kun wíwá? Ṣé o mọ ilé rẹ̀?

Obìnrin yẹn ò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibòmíràn ló ń sìn. Àgbà mẹ́rin la ń bójú tó báyìí, Mùsùlùmí ni ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi ló kàn láti ra iṣu.