Èsì: Eré àìkọsílẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè pé, láàárín eré àìkọsílẹ̀ (eré tí òṣèré ti ń wá ọ̀rọ̀ sọ lójú ẹsẹ̀) àti kíkọ ìwé eré, èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ kí ẹ tó ya fíìmù oníṣẹ́jú 10. Ní tèmi, eré àìkọsílẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjò tí ó tẹ̀lé ipasẹ̀ Hubert Ogunde, aṣáájú nínú eré orí ìtàgé Yorùbá, ọ̀gá a máa sọ bí ìtàn ṣe lọ, òṣèré kọ̀ọ̀kan a sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ẹ mú òṣèré méjì, kí ọ̀kan jẹ́ onílé, kí èkejì jẹ́ ayálégbé tí ó jẹ gbèsè owó ilé oṣù mẹ́ta. Ẹ yọ́ sọ fún ayálégbé nìkan pé owó náà wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ san án. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá jókòó da ọ̀rọ̀ wọn kọ, kí ẹ sì gé ìkíni tí ó bá pọ̀ jù dànù (àwa Yorùbá kò kúkú lè ṣe kí a má kíra!). Ojú ìwé eré kan sábà máa ń tó ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán. Ohun tí kámẹ́rà bá sì lè fi hàn, bí ọwọ́ ayálégbé tí ń tẹ àpò rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ má fi í sí ẹnu ẹnikẹ́ni.