Òjò Àrọ̀kúrò àti Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Leeds fi ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní tó bá ti di oṣù kẹwàá tí ilẹ̀ ń tètè ṣú lọ́dọ̀ wọn, òun a po tíì, òun a fi kúbùsù bora, òun a máa ka irú rẹ̀ títí oorun yóò fi dé. Èmi ṣí i, kò pẹ́ tí wọ́n fi bá òkú nínú ọgbà òdòdó. Mo pa á dé. Ìgbádùn wo ló wà nínú ikú? Ṣé irú ẹ̀ ṣeé kà lálẹ́ níbi tí iná ọba kì í ti í dúró? — Òǹkàwé yín, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, lọ tún un ṣí. Nínú irú ìwé yẹn, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ń pànìyàn, wọn kì í jẹ́ kó o rí ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ ni abúlé kan tí tọmọdé tàgbà ti mọ ara wọn, àti ẹnì kan tí kì í ṣe ọlọ́pàá, àmọ́ tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Wo Miss Marple, ẹni inú ìtàn tí òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Agatha Christie, gbé odindi ìwé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1930. Arúgbó tí kò lọ́kọ ni, aṣọ òtútù ló ń hun. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rú ọlọ́pàá lójú, òun a rántí ẹnì kan lábúlé rẹ̀ tó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí.

Mo mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ní agbo ilé wa nítòsí Ọjà Ọba, ìyá àgbà kan ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí adìẹ rẹ̀ sọnù, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ́sẹ̀ náà, tí kò wá kí i mọ́. Ibẹ̀ ni adùn ìwé wọ̀nyí wà, kì í ṣe nínú ikú.

Ní ti àkókò, lóòótọ́ ni pé a ò ní ìgbà ìwọ́wé, ìgbà tí ewé ń wọ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará Leeds ń dá aago padà sẹ́yìn ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, tó bá sì fi máa di oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ tiwa kì í fi wákàtí kan yàtọ̀ láàárín ọdún. Ṣùgbọ́n àrọ̀kúrò ń bẹ! Kí òjò máa lu páànù, kí ìró rẹ̀ bo ohùn gbogbo ará ilé, ta ló tún ń wá kúbùsù? Gbé iná sólà sóòrùn láti ọ̀sán.

Tó o bá fẹ́ ti Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kọ́lá Akínlàdé, *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* Ìtàn Lápàdé, akọni inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, dùn gan-an, àmọ́ ìjà pọ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀sán ni kó o fi ka tiẹ̀ ná.

Èmi àti ọkọ mi, ìwé kan náà la jọ ń kà, àwo ẹ̀pà sísè á wà láàárín wa. Tó bá ku orí kan, a ó pa á dé, kálukú á fi pẹ́ńsù kọ ẹni tó fura sí sẹ́yìn ìwé. Dókítà ni ọkọ mi máa ń fura sí ṣáá. Ó ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi tó kọ “Dókítà ni” sí, mo sì ń ṣí wọn wò nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Kọ tìẹ náà kó o tó ka orí tó kẹ́yìn, kó o fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí mi.