Ìbọn ìléwọ́ tó yẹ kí olùkọ́ tuntun kọ́kọ́ rà

Àbúrò mi ará Òmù-Àrán tó wà ní Houston, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ìbọn yínyìn, o fẹ́ máa kọ́ àwọn ará ilé wa tó wà ní Texas, o sì fẹ́ mọ ìbọn ìléwọ́ tí wàá rà kalẹ̀ fún wọn. Maryland ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wá sí Ìlọrin, àwọn Ìgbómìnà, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìlọrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mo kọ́. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó o máa wò ra ìbọn, má wo èyí tó wu ìwọ.

Ìbọn .22, tó ń yin ọta kékeré, ni kó o kọ́kọ́ rà. Ruger Mark IV dára, torí bọ́tìnnì kan péré lèèyàn ń tẹ̀ tó bá fẹ́ tú u palẹ̀ láti nù ún. Mark III tó ṣáájú rẹ̀ máa ń yọ èèyàn lẹ́nu láti tò padà. Ìbọn .22 kì í ti èèyàn sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ kéré, ọta rẹ̀ ò wọ́n. Má jẹ́ kí ọkùnrin kankan sọ fún ọ pé ìbọn ọmọdé nìyẹn, òun ò yìn ín. Àwọn ọmọ ọdẹ wa gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Ẹni tó fi ṣakabùlà dàgbà ní Ìsánlú-Ìsìn ti mọ̀ pé iná lè bù yọ lẹ́bàá ojú òun, nítorí náà bó ṣe fẹ́ fa tírígà ni á dijú, á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i lára wọn léraléra. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè mú un kúrò. Ọ̀pọ̀ ọta .22 àti sùúrù ló ń mú un kúrò.

Èkejì ni ìbọn 9mm tó kún ọwọ́, ọta tiẹ̀ tóbi ju ti .22 lọ. Glock 17 ń gba ọta 17, Glock 19 ń gba 15, èyíkéyìí nínú méjèèjì dára, torí irú wọn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ máa padà rà. Àmọ́ kò ní séfítì tí àtàǹpàkò ń tì, o sì gbọ́dọ̀ fa tírígà rẹ̀ kó o tó lè tú u. Kọ́ wọn kí wọ́n yọ magasíìnì tí ọta ń wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fa irin orí ìbọn sẹ́yìn, kí wọ́n fojú wo inú ihò ọta, kí wọ́n tún fìka kàn án, lójoojúmọ́ ayé.

Àwọn ìyá wa ló máa gba làákàyè rẹ jù. Ìyá kan láti Ìlọrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí oríkèé ọwọ́ ń dùn, mú ìbọn .380 kékeré kan wá, irú Ruger LCP. Ọmọ rẹ̀ ló rà á, ó ní ìbọn obìnrin ni. Láìsí ọta nínú, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ò tó gíráàmù 300, bó sì ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe ń ti ọwọ́ tó. Màmá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rọra gbé e sórí tábìlì, wọ́n ní, “Ó tó, mo ti gbọ́.” Smith & Wesson Shield EZ ni mo gbé fún wọn. Sípíríìnì rẹ̀ rọ̀. Mo ní kí wọ́n fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì di irin orí rẹ̀ mú, kí wọ́n má fà á, kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìdí ìbọn síwájú. Ó ṣí! Ẹ̀rín wọn gba gbogbo pápá. Nítorí náà, ra EZ kan. LCP náà dára kó wà níbẹ̀, kí àwọn tó fẹ́ lọ rà á lè kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ra revolver kan, ìyẹn ìbọn tí ọta rẹ̀ ń wà nínú àgbá tó ń yí, Smith & Wesson Model 10, .38 Special, láti 1899 ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò sí pé à ń fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn, àmọ́ tírígà rẹ̀ wúwo. Fi ọta sí ihò díẹ̀, fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo, yí àgbá rẹ̀, kó o sì pa á dé kí akẹ́kọ̀ọ́ má rí i. Nígbà tó bá fà á tí kò dún, ẹnu ìbọn á forí balẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì rí i pé ẹ̀rù ló ń darí ọwọ́ òun. Ṣọ́ àtàǹpàkò wọn o: èéfín gbígbóná ń jáde láàárín àgbá àti ìdí ọ̀pá ìbọn, ó lè bó ìka.

Tówó bá ṣẹ́kù, Beretta 92 dára, torí fífà àkọ́kọ́ rẹ̀ wúwo, èkejì fúyẹ́, séfítì rẹ̀ sì wà lápá méjèèjì fún ọlọ́wọ́ òsì. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní 1911 lè dúró.

Béèrè ìwé ìgbélùú ká tó gbé ìbọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà ìbẹ̀wò di ìbọn mú, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè dì í mú. Ẹni tó bá sì ń bọ̀ wálé, kó fi tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Òfin ìbọn ti 1959 níbí ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i.

Bówó ò bá tó gbogbo rẹ̀, ra .22, Glock àti revolver, kó o ná ìyókù sórí ọta, ohun ìdití, awò ojú, àti àwọn ọta ayédèrú tí kì í dún. EZ, o lè yá a lọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn títí tówó fi máa dé.