Ṣé Kí N Fi Iṣẹ́ Ìṣirò Owó Sílẹ̀ Nítorí Iṣẹ́ Awọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹni ọdún 34 ni mí, mo wà nílé ọkọ, mo sì ní ọmọ méjì. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìṣirò owó ní ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti ń lọ sí Ọ̀yọ́ ní Sátidé láti kọ́ iṣẹ́ awọ lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń ṣe tìmùtìmù, àpò àti bàtà, mo sì ti rí i pé iṣẹ́ yìí gan-an ni ọkàn mi fẹ́. Mo ti ṣe àpò fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àti fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ni ó sì yìn ín. 12,000 náírà ni mo ń ta àpò kan. Awọ, ìtẹ́nú, síìpù, gáàmù àti owó ọkọ̀ máa ń jẹ 7,500 nínú rẹ̀, ó sì máa ń gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ní kí n ṣe bí ó bá ti wù mí. Ìyá mi ní tiwọn sọ pé a kì í torí òjò tó ṣú da omi inú agbè nù, àti pé àwọn kò rán mi lọ sí ilé ìwé gíga kí n lè wá jókòó ti awọ ewúrẹ́. Mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún yìí. Kí ni ẹ rí sí i?
Oníṣẹ́ Awọ Lọ́la, Ògbómọ̀ṣọ́

ÈSÌ: Arábìnrin mi, mo dúpẹ́ pé ẹ kọ iye owó sínú lẹ́tà yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà irú èyí tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í sọ ju ohun tí ọkàn fẹ́ lọ, ìyẹn nìkan kò sì tó láti fi dáni lóhùn. Bí a bá yọ 7,500 kúrò nínú 12,000, 4,500 náírà ni ó kù fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ká ní ẹ fi ilé ìfowópamọ́ sílẹ̀ lọ́la, tí ẹ sì ń jókòó ti iṣẹ́ awọ láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, àpò bíi mẹ́jọ ni ẹ óò lè parí láàárín oṣù kan, bí ara bá le tí iná kò sì lọ. Èrè orí àpò mẹ́jọ jẹ́ 36,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Díẹ̀ ló fi ju ìlàjì rẹ̀ lọ, a kò sì tíì dé orí awọ tí ó bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, tàbí oníbàárà tí ó ní òun yóò san ìyókù bí oṣù bá parí. Akọ̀wé ìṣirò owó ni yín. Bí oníṣòwò kan bá gbé irú ìṣirò yìí wá bá yín láti yá owó, ẹ kò ní jẹ́ kí ó jókòó kí ẹ tó dá a padà.

Èmi kò sọ pé kí ẹ pa iṣẹ́ náà tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ kò tíì ka iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́ iye tí ẹ ń ta ọjà, àwọn tí ó sì ń yìn yín jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ yín. Ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò ra àpò lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ jọ ń jọ́sìn. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yóò rà á nítorí pé òun náà yóò ṣe ìkómọ lọ́la. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ wá rí ni ẹni tí kò mọ ilé yín, tí ó rí àpò náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí lórí Instagram, tí ó béèrè iye rẹ̀, tí ó dún ìdúnàádúrà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tí ó san owó, tí ó sì tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé òun fẹ́ òmíràn fún àbúrò òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó lè sọ fún yín bóyá iṣẹ́ náà yóò bọ́ yín.

Nípa ọjọ́ mẹ́ta tí àpò kan ń gbà, ẹ dẹ́kun ṣíṣe wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi páálí gé ìwọ̀n sílẹ̀, kí ẹ fi í gé ara àpò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ lu ihò gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ sì ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún rírán wọn. Bí iṣẹ́ bá lọ báyìí, àkókò tí ẹ ń lò lórí ọ̀kan yóò dínkù gan-an, awọ tí ẹ ń gé sọnù náà yóò sì dínkù, nítorí pé ẹ óò máa rí ibi tí ègé kékeré ti lè wúlò.

Ti iye owó ni ó ṣòro jù. Bí àpò yín bá jẹ́ àpò lásán, àwọn báàgì tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà ni ẹ ń bá du oníbàárà, ẹ kò sì lè borí wọn. Ọnà Ọ̀yọ́ ni wọn kò ní. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín kí wọ́n fi làbà Ṣàngó hàn yín, àpò awọ tí àwọn adósù máa ń gbé kọ́ èjìká, kí ẹ wo bí a ṣe gé awọ aláwọ̀ oríṣiríṣi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì tò ó lé ara wọn títí ó fi di àwòrán. (Ẹ má ṣe rán làbà gan-an fún ẹni tí yóò gbé e lọ ra ata, ohun ẹ̀sìn ni. Ọgbọ́n tí ó wà nínú gígé àti títò rẹ̀ ni kí ẹ mú.) Ẹ tún ronú nípa aṣọ òfì, nítorí pé Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, ìyàwó tí ó bá sì ti ra òfì fún ìgbéyàwó kì í kọ àpò tí a fi awọ àti irú òfì kan náà ṣe. Irú àpò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe 12,000 náírà.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ń fẹ́ sùúrù. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ti ń ṣiṣẹ́ fún ààfin láti ayébáyé, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú awọ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìtìjú kọ́ ni ó ń dẹ́rù bà wọ́n. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ yín ni wọ́n ń rò. Bí ẹ bá mú ìwé ìṣirò oṣù mẹ́fà lọ jókòó tì wọ́n, tí wọ́n rí ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde, ẹ óò rí i pé ohùn wọn yóò yí padà ju bí ẹ bá ń sọ fún wọn nípa ohun tí ọkàn yín fẹ́.

Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún yìí. Hubert Ògúnǹdé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944. Ìgbà tí ó rí i pé àwọn ènìyàn ń sanwó wá wò ó ni ó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Jimoh Buraimoh, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ iná ni ó ń ṣe fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo kí ó tó di oníṣọ̀nà ní àwọn ọdún 1960, inú ẹgbẹ́ eré náà sì ni ó wà nígbà tí ọ̀nà là fún un. Ẹ̀yin náà ní ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní: ẹ mọ ìwé owó í kọ. Ṣọ́ọ̀bù tí ó ń rọ́wọ́ mú ní Tákíè àti Sábó kò kéré níye, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ èrè yàtọ̀ sí owó ọjà. Bí ẹ bá ń bá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe ìwé wọn lóṣooṣù, owó yẹn yóò gbé yín dúró ní oṣù tí àpò kò bá tà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́dún yìí ni pé kí ẹ gba ìsinmi ọdọọdún yín, kí ẹ sì lò ó tán lọ́dọ̀ ọ̀gá yín. Ẹ má ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọ̀nà yẹn ń fi ojú ènìyàn rí. Ẹ wá ibi sùn sí ní Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ tí ó dùn ní Sátidé lè máà dùn ní ọjọ́ Ajé tí ẹ̀yìn ń dunni, tí àwọ̀ aró ti wọ èékánná, tí oníbàárà sì ń pè nítorí àpò tí kò tíì gbẹ. Kí ẹ bi ọ̀gá yín, láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́, ohun tí ó kù kí wọ́n tó lè ṣe fìríìdọ́ọ̀mù fún yín. Lẹ́yìn èyí, bí àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí bá ń ra ọjà yín fún oṣù mẹ́fà léraléra, tí owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé oṣù mẹ́fà sì wà nípamọ́ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ kọ ìwé náà. Ẹ má yá owó láti fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá jù lọ ní ilé iṣẹ́ tí ẹ ń fi sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀yọ́, ẹni ọdún 46. Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 26 ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ ní àdúgbò wa, mo tilẹ̀ kọ́ ọ ní kíláàsì rí. Ṣé ó bójú mu kí n di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀?
Tíṣà, Ọ̀yọ́

ÈSÌ: Ó bójú mu, alàgbà. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ kí wọ́n tó di àgbà òṣèré, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ ti iwájú pátákó ìkọ̀wé bọ́ sí iṣẹ́ ọnà. Ìṣòro tí mo rí ni pé ojú yóò máa ti ọmọ náà láti bá yín wí bí ẹ bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pè é ní ọ̀gá níwájú àwọn oníbàárà, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó máa tọ́ka sí àṣìṣe yín. Bí ẹ bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa dọ̀bálẹ̀ fún yín bí ó ti yẹ. Ẹ jọ sọ iye owó ìkọ́ṣẹ́ àti iye oṣù tí yóò gbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sì buwọ́ lù ú kí ẹ tó fi owó yín ra kámẹ́rà.