Ìbéèrè Yín: Ibo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀ Sosiọ́lọ́jì?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àdìmíṣọ̀n láti lọ ka sosiọ́lọ́jì ní yunifásítì, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí ló wà níbẹ̀ téèyàn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣebí ọ̀rọ̀ èèyàn lásán ni. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an, ibo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire. Bí àwa èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ láwùjọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò nínú sosiọ́lọ́jì. Torí pé ọ̀rọ̀ èèyàn ni gan-an ló ṣe le, àárín ara wa la ti ń gbé láti kékeré, ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ò rí i mọ́. Wọ inú lífìtì lọ, kó o wo bí gbogbo wọn ṣe máa kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n á fàyè sílẹ̀ láàrin ara wọn, ẹni tójú yín bá ṣe mẹ́rin á tètè gbójú kúrò, bẹ́ẹ̀ kò sófin kankan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri o. Tó o bá wá yíjú padà sí wọn, ara wọn ò ní balẹ̀, bó ò tiẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Irú nǹkan báyìí ni Erving Goffman, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì kan, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí.

Ẹni tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni Émile Durkheim, ará Faransé tó wà lára àwọn tó dá sosiọ́lọ́jì sílẹ̀. Ní 1897 ó gbé ìwé jáde lórí àwọn tó ń pa ara wọn, ohun tí gbogbo wa máa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó kó àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ, ó rí i pé iye wọn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà lọ́dọọdún, pé ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn àpọ́n ju àwọn tó ti ṣègbéyàwó, àti láàrin Pùròtẹ́sítáǹtì ju Kátólíìkì lọ. Ó ní ewu ń bẹ tí ohun tó so èèyàn mọ́ àwọn tó yí i ká ò bá lágbára mọ́. Nígbà tó yá àwọn kan yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń kọ irú ikú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ikú míì láàrin Kátólíìkì. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, torí á jẹ́ kó o máa béèrè ẹni tó ṣe àkọsílẹ̀ àti bó ṣe ṣe é.

Ìwé tí wàá kọ́kọ́ kà ni *The Sociological Imagination* tí C. Wright Mills kọ ní 1959, orí àkọ́kọ́ ti tó ná. Ó ní tẹ́nì kan ṣoṣo ò bá níṣẹ́ nínú ìlú èèyàn 100,000, ká yẹ ẹni yẹn wò, àmọ́ tí mílíọ̀nù 15 nínú òṣìṣẹ́ mílíọ̀nù 50 ò bá níṣẹ́, ìwà ẹnì kan kọ́ ló fà á mọ́. Jẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ ẹ náà kà á.

Karl Marx àti Max Weber, àwọn àgbà míì tí wọ́n máa ń kọ́ yín nípa wọn, ṣì lè dúró, ìwé wọn wúwo fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kó o má sá fún sìtátísíìsì o, ọ̀pọ̀ ló wá síbí torí pé wọn ò fẹ́ ìṣirò, wọ́n á sì tún bá a níbẹ̀.