Ìwé Ìrìnnà: Ẹ Yẹ Orúkọ Yín Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fi kún owó ìwé ìrìnnà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa láti Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀. A mú díẹ̀ nínú wọn síbí, a sì fi orúkọ àdúgbò dípò orúkọ àwọn tó kọ̀wé.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà bímọ, ó sì fẹ́ kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n n kò gba ìwé ìrìnnà rí. Ọkùnrin kan sọ pé kí n kó owó àti fọ́tò wá, pé òun yóò bá mi ṣe gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ pé mo dé ọ́fíìsì kankan. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mi, orúkọ ọkọ mi ló wà ní báńkì, ọdún ìbí tó wà lórí NIN náà kò sì tọ̀nà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? – Ìyá kan ní Ìtòkú

Ìyá wa, ẹ kú ewu ọmọ. Ọ̀dọ̀ àjọ NIMC tó ń ṣètò NIN ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn. Inú àkọsílẹ̀ NIN ni àjọ Ìmígíréṣọ̀n ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà yọ, bí ó bá sì ṣe wà níbẹ̀ ni wọn yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sanwó tán kí ẹ tó rántí pé ọdún ìbí yín kò tọ̀nà, wọn kì í dá owó náà padà. Bí ìwé náà bá sì ti jáde pẹ̀lú àṣìṣe, ẹ óò tún san owó òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí Nàìjíríà, nítorí pé àwọn tó ń fúnni ní físà yóò gbé ìwé ìrìnnà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báńkì yín àti ìwé ìbí ọmọ yín, wọn yóò sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo ìwé wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pinnu orúkọ ìdílé tí ẹ fẹ́ máa jẹ́ lórí ìwé. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àfi pé ẹni tó bá mú orúkọ ọkọ yóò fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó gbè é lẹ́sẹ̀. Láti ọdún 2025, 2,000 náírà ni àjọ NIMC ń gbà fún àtúnṣe orúkọ, 28,574 náírà sì ni ti ọjọ́ ìbí, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Mo mọ̀ pé owó ọjọ́ ìbí yìí wọni lára, ó sì dùn mí pé àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n ń fowó ara wọn tún ṣe. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá lọ sí ojú òpó àjọ Ìmígíréṣọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, tí ẹ óò ti yan Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọ́fíìsì tí ẹ fẹ́ lọ, tí ẹ óò ti sanwó, tí ẹ óò sì ti mú ọjọ́ tí ẹ óò fara hàn. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni àyè ti wà láti fi fọ́tò àti àwọn ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ láti ilé, ṣùgbọ́n ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì fún ìtẹ̀ka. Ohun tó tú àṣírí ọkùnrin yẹn nìyẹn: kò sí bí ẹ ṣe lè fi ìka ọwọ́ yín rán ẹlòmíràn, nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ kò ní dé ọ́fíìsì ń tàn yín ni, tàbí kí ó jẹ́ pé ayédèrú ìwé ló fẹ́ kó lé yín lọ́wọ́. N kò ka àwọn ọ̀dọ́ tó ń báni tẹ fọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń jẹ, ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò sì lè san owó iṣẹ́ náà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wọ́n, kí ó jẹ́ nọ́ńbà fóònù tiyín ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ ka orúkọ yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì yín dání.

Ìwé olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún jẹ́ 100,000 náírà, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá sì jẹ́ 200,000 náírà. Bí ẹ bá pín in sí ọdọọdún, iye kan náà ni méjèèjì ń jẹ́, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dandan lé olówó gọbọi fún yín bí owó kò bá sí lọ́wọ́.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì fẹ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Abúlé bàbá mi lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n ti bí mi, n kò ní ìwé ìbí. Ìyá mi sọ pé ọdún tí Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo ni wọ́n bí mi. Ǹjẹ́ wọ́n lè gbà mí? – Bàbá kan ní Ìjàyè

Bàbá, wọn yóò gbà yín. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bí yín ni òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun di dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí jáde, nítorí náà àìmọye ẹgbẹ́ yín ni kò ní ìwé ìbí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí ọjọ́ ìbí fún àwọn àgbàlagbà, òun ni kí ẹ lọ gbà.

Ìtàn ìyá yín tọ̀nà, ọdún 1948 ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin dìde nítorí owó orí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni oṣù àti ọjọ́. Ẹ wá ohun tó wà nínú ìwé iṣẹ́ olùkọ́ yín àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín jáde, bóyá ìwé ìrìbọmi pẹ̀lú bí ó bá wà, kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ kan náà ló wà lórí NIN. Bí ọjọ́ tí ẹ lò ní ẹnu iṣẹ́ bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ gan-an, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe yí i padà lásìkò yìí, kí owó ìfẹ̀yìntì yín má baà kọ́ lẹ́sẹ̀.

Wọn yóò tún béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù onídùúró tí a bura sí. Abúlé tí wọ́n bí yín sí kọ́ ló ń pinnu ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ óò lọ, bí kò ṣe ibi tí agbo ilé bàbá yín wà nílé. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ Gúúsù Abẹ́òkúta ni, Aké ni ẹ óò lọ.

Mo fẹ́ gba ìwé ìrìnnà fún àwọn ọmọ mi méjì tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. – Bàbá kan ní Ọbáńtókò

Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní NIN tirẹ̀ àti ìwé ìbí, kí ẹ̀yin òbí sì kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ yín. Ọlọ́dún márùn-ún nìkan ni wọ́n ń fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Mo ń gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ ra ọjà ní Kùtọnù. Wọ́n ní ọmọ ECOWAS kò nílò ìwé kankan, síbẹ̀ wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa ní bodè. – Oníṣòwò kan ní Láfẹ́nwá

Físà ni ẹ kò nílò, kì í ṣe ìwé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìrìnnà tó láwọ̀ ewé yìí ni ọ̀pọ̀ ń lò, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìrìnnà pélébé kan wà tó jẹ́ ti ECOWAS nìkan, èyí tó tó fún ẹni tí kò ní ju Kùtọnù tàbí Lomé lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní Ìdí-Ìrókò bí ẹ ti ń jáde, kí wọ́n sì tún lù ú ní Ìgòlò bí ẹ ti ń wọ ilẹ̀ Benin. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ni ó rọrùn jù láti dẹ́rù bà gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá wa lójú ọ̀nà yẹn nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin rí iṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Obìnrin tó fẹ́ mú un lọ ló san owó ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó sì ní ọwọ́ òun ni ìwé náà yóò máa wà títí àbúrò mi yóò fi san gbèsè tán. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i? – Ẹ̀gbọ́n kan ní Ìdí-Aba

Rárá o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìdáhùn yìí falẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló sì fi lé lọ́wọ́. A kì í fi dúró fún gbèsè. Ìjọba pàápàá kò lè kàn gbà á lọ́wọ́ ẹni bó ti wù ú. Ní ọdún 1992, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba ìwé ìrìnnà agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nígbà tó ń lọ sí ìpàdé kan ní ilẹ̀ Netherlands. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ilé-ẹjọ́ náà sì dájọ́ ní ọdún 1999 pé kò tọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìtẹ̀lé òfin. Bí ọwọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò bá gbà á, kí wá ni ti obìnrin tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ fún àwọn ará òkèèrè?

Gbígba ìwé ìrìnnà àti dída gbèsè lé ọmọbìnrin lórí kí ó tó gbéra ni ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣòwò ènìyàn fi ń dè é mọ́lẹ̀. Kí àbúrò yín má ṣe bá a lọ. Ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, lórí nọ́ńbà 627, kí ẹ sọ ohun tí obìnrin náà sọ fún wọn bí ó ti sọ ọ́ gan-an. Bí ó bá sì ti gbéra kí ìwé ìròyìn yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà tó wà lọ́hùn-ún lè fún un ní ìwé pàjáwìrì tí yóò fi padà wálé, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà yóò yá bí wọ́n bá mọ nọ́ńbà ìwé náà, nítorí náà, ẹ wá ẹ̀dà ojú ewé tí fọ́tò rẹ̀ wà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé.