5.8 àti 224: òṣùwọ̀n ló yàtọ̀, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù màmá ò lọ sókè

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní láàbù kan n'Íbàdàn kọ 5.8 fún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù màmá lóṣù tó kọjá, òmíràn wá kọ 224 lọ́sẹ̀ yìí, àyà yín sì já. Ẹ tún béèrè bóyá kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un ṣe. Ẹ fọkàn balẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni. Òṣùwọ̀n tó ń jẹ́ mmol/L ni ti àkọ́kọ́, èyí tó ń jẹ́ mg/dL ni ti èkejì. Ẹ fi 38.67 sọ 5.8 di púpọ̀, 224 lẹ máa bá níbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí, torí ó ti fìyà jẹ mí rí: láàbù á tẹ nọ́ńbà sórí ìwé láìkọ òṣùwọ̀n sí i, dókítà á wo lẹ́tà H pupa (ìyẹn ni pé ó ga jù) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti di oògùn nìyẹn. Ìwé tí kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n sì buwọ́ lù ú.

38.67 yẹn, ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àpapọ̀, HDL (èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere) àti LDL (èyí tí wọ́n ń pè ní búburú) ni. Triglyceride, irú ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, ní tirẹ̀, 88.57. Bí triglyceride màmá bá jẹ́ 2.03 mmol/L, 180 mg/dL ni. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi 38.67 ṣe é, 79 ló máa rí, á sì ní kò sí nǹkan kan.

LDL wá ńkọ́? Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, ìṣirò lásán ni, ìlànà Friedewald tó ti wà láti 1972: ẹ mú àpapọ̀, ẹ yọ HDL kúrò, ẹ fi 5 pín triglyceride, ẹ yọ ìyẹn náà kúrò. Ká ní HDL màmá jẹ́ 45. Nínú 224, ẹ yọ 45, ẹ yọ 36, ó ku 143. Ní mmol/L, 2.2 lẹ máa fi pín triglyceride. Ẹni tó bá gbàgbé tó fi 5 pín in, 4.23 ló máa pe LDL tó yẹ kó jẹ́ 3.72. Èèyàn lè tìtorí àṣìṣe yẹn bẹ̀rẹ̀ oògùn! Bí triglyceride bá sì ti kọjá 400 mg/dL, ìyẹn 4.5 mmol/L, ìṣirò náà ò ṣeé gbára lé mọ́, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà láàbù mìíràn á ṣáà máa tẹ LDL jáde. Ẹ ní kí wọ́n wọn LDL fúnra rẹ̀. Bí wọn ò bá lágbára ẹ̀, ẹ yọ HDL kúrò lára àpapọ̀, kí ẹ máa fi ohun tó kù wéra látìgbà dégbà. 179 ni ti màmá. Ìṣirò ìyẹn ò nílò triglyceride, oúnjẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà.

Ẹ bi òṣìṣẹ́ láàbù bí omi tó lérí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti fi pòyì. Kó mọ́ kedere, kó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, ló dáa. Tó bá funfun bí omi ògì, triglyceride ló kún inú rẹ̀.

Ààwẹ̀ ò le: wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá, omi lásán nìkan. Tíì oní mílíìkì ti bà á jẹ́.

Rọ́bà tí wọ́n fi ń so apá ni kí ẹ fojú sí. Bó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí wọ́n ṣì ń wá iṣan kiri, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò kúrò nínú iṣan, èyí tó kù á ki, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù á sì ga lórí ìwé. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n lọ sí apá kejì. Kí màmá ti jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, torí ìdúró náà ń mú kó ki.

Bí ibà bá ń ṣe wọ́n, ẹ má gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò yìí rárá. Ibà máa ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀, á sì ti triglyceride sókè. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ara wọ́n bá yá. Fítámì C lọ́pọ̀ yanturu máa ń pa àwọ̀ tí kẹ́míkà àyẹ̀wò ń mú jáde, nọ́ńbà á wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, kí wọ́n dá a dúró ṣáájú: ọtí ń gbé triglyceride ga.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n lò ó pẹ̀lú omi bí wọ́n ṣe ń lò ó, àfi bí dókítà wọn bá ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n ń lo glibenclamide tàbí ínsúlínì, àwọn oògùn tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, torí oògùn yẹn pẹ̀lú ikùn òfìfo lè gbé èèyàn ṣubú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ tiwọn láàárọ̀, kí ẹ sì gbé ògì gbígbóná dání nínú fúláàsì.